Sàárè Tí A Gbẹ́ fún Ṣíbí Fàdákà

Ṣíbí fàdákà ni mo ń nù lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ẹ̀yin ọmọ Sẹ̀fíyà, ìyá yín gan-an ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Bàbá yín àgbà ń ṣọ́ ilé fún òyìnbó obìnrin kan tí à ń pè ní Màdámù, èmi ń dáná. Ìyá ìyá Màdámù ló kó fàdákà náà ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá nígbà ìgbéyàwó: ṣíbí, fọ́ọ̀kì, àwo pẹrẹsẹ, òdòdó tí a fín sí wọn lára, kìnnìún kékeré lẹ́yìn. Màdámù ní kìnnìún yẹn ló ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni. Àwa Mùsùlùmí kì í fi fàdákà jẹun. Nínù nìkan ni tèmi.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn òyìnbó lọ. Màdámù ń sunkún, ó ní kí ọkọ mi bá òun tọ́jú ẹrù náà. Ọkọ mi búra. Ọkùnrin yẹn, tó bá ti fi Ọlọ́run búra, ó parí nìyẹn.

Àwọn sọ́jà ń tú ilé kiri, wọ́n ń walẹ̀ níbi tó bá rọ̀. Ọkọ mi bá fi aṣọ funfun wé fàdákà, ó gbẹ́ sàárè ọmọdé sẹ́yìn ilé bí a ṣe ń gbẹ́ ti Mùsùlùmí, ó sì sin ín síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bi í pé ta ló kú.

“Ọmọ mi ni,” ló wí. “Sẹ̀fíyà.”

Ọ̀gá wọn ṣí fìlà. Wọn ò walẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ilé wa ni wọ́n pàgọ́ sí, òkú kì í sì í rìn káàkiri. A ti ìyá yín mọ́ yàrá, a ní kó má sọ̀rọ̀, kó má wúkọ́. Gàrí tútù là ń bu fún un.

Lọ́jọ́ kẹfà, ibà mú un, ọrùn rẹ̀ gan. Ilé ìwòsàn ò jìnnà, ó sì ṣí. Mo pọ̀n ọ́n. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Sẹ̀fíyà, tí wọ́n bá rí i, wọ́n á walẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà á.”

“Mo ti búra.”

Mo sọ ọmọ kalẹ̀. Èmi náà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ má dẹ́bi fún òun nìkan.

Nígbà tí sọ́jà fi máa lọ, ibà ti lọ, ó sì ti gbé etí ìyá yín lọ. Ọmọ Màdámù wá kó fàdákà náà, tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó dúpẹ́ títí. A padà sílé, sí Tchaourou níbí, ọkọ mi sì kú láì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dún tó kọjá, a ń ṣa kajú, ìyá yín fi ọwọ́ bi mí pé kí ló dé tí a ò gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn. Mo fi ọwọ́ dá a lóhùn pé ìbọn ń dún lójú ọ̀nà. Ó mi orí, ó fọwọ́ pa mí léjìká, ó ń ṣa kajú rẹ̀ lọ.

Ìbọn kankan ò dún lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà dákẹ́ rọ́rọ́.