Wọ́n Ní Iṣẹ́ Wo Ni Mò Ń Ṣe

Ní Òkukù ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí ayàwòrán máa sanwó oṣù fún ara rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ni, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, àwa tí a wá ò sì pọ̀: àwọn ayàwòrán bíi tèmi, agbẹ́gilére kan láti Ìgbàyè, àtàwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé gíga. Obìnrin tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní kí a ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, kí a máa ronú ọjọ́ ogbó, kí a sì wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí báńkì ò ní dá irú wa lóhùn. Mo gbà á gbọ́. Bí mo ṣe ń padà sí Ìkìrun lọ́jọ́ náà, inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ.

Mo ti ń wá owó tí mo fi máa gba ṣọ́ọ̀bù létí títì. Yàrá kan nínú ilé wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tíṣà ni ọkọ mi, ojú ìyàwó tíṣà tó jókòó sílé ni gbogbo àdúgbò sì fi ń wò mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja tútù ní Inísà, ó sì ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbẹ̀. Òun ló mú mi wọlé. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ gba ẹ̀yáwó, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wá wo ọjà mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Alága wọn wá, bàbá kan tó ń ṣòwò pákó, pẹ̀lú akápò, màmá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì.

Màmá náà wo inú yàrá yí ká. "Ọjà ọ̀hún dà?"

"Àwọn àwòrán yìí ni, mà."

Alága dúró níwájú èyí tó tóbi jù, níbi tí mo ti ya àwọn obìnrin tó ń fọ irú lódò lọ́nà Ìbà. "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ èyí?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, sà. Èmi ni mo kàn yà á."

"Wọn ò bẹ̀ ọ́, o wá jókòó, o yà á?" Ó yíjú sí akápò. "Tí kò bá wá rówó wa san, kí la fẹ́ kó níbí? Tó bá jẹ́ ẹja, a ó kúkú jẹ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn nípa àwọn tó ti ra àwòrán lọ́wọ́ mi, àti ògiri iléèwé tí mo kùn ní Inísà níbẹ̀. Alága gbọ́ mi tán.

"Gbogbo ìyẹn dáa," ó ní. "Àmọ́ iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe?"

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n á fún ọ lówó náà, a ó kàn sọ pé àwa méjèèjì la jọ ń ta ẹja."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé mi ò ta ẹja rí."

"Ṣé owó lo fẹ́ ni, àbí orúkọ?"

Méjèèjì ni mo fẹ́. Mo ní mi ò ṣe. Owó tí mò ń fi pamọ́ nìkan ni wọ́n wá ń gbà lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ parí ilé ìpàdé tuntun. Alága bá nàka sí mi láàárín èrò nípàdé: "Ọmọ wa tó ń ya nǹkan nìyí. Yóò bá wa ya àgbẹ̀ àti oníṣòwò sára ògiri iwájú."

Mo ṣírò owó ọ̀dà, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ ọwọ́ mi bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Òkukù, mo sì dárúkọ iye rẹ̀.

"Nínú ẹgbẹ́ tìrẹ lo ti fẹ́ gbowó?" ni alága wí.

"Sà, ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gba sìmẹ́ǹtì tí a fi kọ́lé yìí?"

Ojú akápò yí padà. Gbogbo wa la mọ̀ pé òun ló ta sìmẹ́ǹtì náà, tí ẹgbẹ́ sì sanwó fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fa aṣọ mi pé kí n jókòó. Nígbà tí a jáde, ó ní mo ti dójú ti òun láàárín àwọn tí òun ń bá da nǹkan pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i.

Fẹ́lẹ́ẹ̀sì, ọ̀rá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sí, ni wọ́n padà lọ tẹ̀, tí wọ́n gbé kọ́ síwájú ilé náà. Wọ́n sanwó fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó tún máa bá mi ṣàwàdà. Mo ṣì ń lọ sípàdé, nítorí owó mi wà níbẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì yá mi ní kọ́bọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fẹ́ lọ, mo máa ń fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà kúrò ní èékánná mi. Ní báyìí, mi ò fọ̀ ọ́ mọ́. Mo máa ń gbé ọwọ́ mi lé orí itan níbi tí alága ti lè rí i.