Ẹfun Tó Sùn Nísàlẹ̀ Àgbá

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Moufoutaou fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Port-Bouët, ní Abidjan, ìtàn ọjọ́ tí àlejò wá láti Paris ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọdún 1969 ni. Ọ̀gá wọn, Musiọ̀ Gilbert, ń fi àgbá ńlá tí wọ́n ti ń po ọ̀dà han àwọn àlejò náà. Orógùn irin ń yí nínú rẹ̀, ó ń ro ẹfun mọ́ omi. Ọ̀gá ní kò sí ẹfun kankan tó jókòó nísàlẹ̀. Moufoutaou mú igi kan, ó fi orí kan ti ìdí àgbá, ó fi orí kejì ti etí rẹ̀, ó dijú. Nígbà tó ṣe, ó kan irin náà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kú oorun o," ló wí.

"Ta lò ń kí?" ni ọ̀gá bi í.

"Patron, ẹfun ni. Wọ́n ti sùn."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n tú àgbá náà gbẹ, ọkùnrin mẹ́ta ló fi ṣọ́bìrì kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi í pé ta ló ń kí.

Ará Ẹ̀jìgbò ni, ọdún 1958 ló dé Abidjan. Bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ náà ló ń ṣe níta. Bí ó bá mu kọfí tán lọ́dọ̀ Issiaka tó ń ta kọfí, á fi ṣíbí ha ìdí ife, á gbé e sí i lójú. "Issiaka, o ro kọfí yìí dáadáa. Ṣúgà ni o kò rò."

Ní 1974 ni Micheline dé, ọmọ tí àwọn ará Porto-Novo bí sí Abidjan, tó kàwé ingénieur, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní France. Ó gbé àgbá gíláàsì kan kalẹ̀ tí kò ju korobá lọ, ó da iyanrìn àti omi sí i, ó sì ń fi kún eré orógùn títí tí kò fi sí hóró kan tó ń pẹ́ nísàlẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Láti ibẹ̀ ló ti ṣírò eré tó yẹ àgbá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

"Ọmọ mi, ìkòkò kékeré kò mọ ohun tó ń ṣe ìkòkò ńlá," ni Moufoutaou wí.

"Bàbá Raliatou, c'est pour ça, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣírò."

Micheline ní orógùn náà gbọ́dọ̀ yí ní quatre-vingt-dix, ìgbà àádọ́rùn-ún, ní ìṣẹ́jú kan. Moufoutaou ní soixante-dix, àádọ́rin, ti tó, àti pé àsárejù á jó mọ́tò. Gbogbo ilé iṣẹ́ pín sí méjì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n da omi àti iyanrìn sínú àgbá tuntun, tó ní gíláàsì kékeré nídìí. Ní soixante-dix, Moufoutaou fi igi ti etí. "Ó ti dìde," ló wí. Micheline bẹ̀rẹ̀ wo inú gíláàsì. Iyanrìn náà wà nílẹ̀ bí òkìtì. Ó pe bàbá náà láti ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mejì. Kò wẹ̀yìn. Ìgbà náà ló yé e: ariwo ẹ̀rọ ti gba etí rẹ̀.

Kò sọ ọ́. Ó fi kún eré náà, títí gbogbo iyanrìn fi dìde ní quatre-vingts, ọgọ́rin. Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́: "Mo fi mẹ́wàá lé e, bàbá fi mẹ́wàá dín in. Kò sẹ́ni tó gbà á."

Lọ́jọ́ kejì, Moufoutaou wá bá a. "Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tí patron bá gbọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

Micheline dojú kọ ọ́ kó lè rí ètè òun. "Ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi dá ṣáká."

Ó bá gbà á sí laboratoire, yàrá àyẹ̀wò rẹ̀, láti máa ṣọ́ àgbá gíláàsì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń jiyàn lórí hóró iyanrìn.

"Ọ̀kan ṣì jókòó níbẹ̀ yẹn."

"Bàbá, ìdọ̀tí ara gíláàsì ni."

"Ìdọ̀tí náà, ẹ jí i."

Ó kú ní 1979. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀rín ń sọ nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀, Salimatou, fa Micheline sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé etí rẹ̀ di?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ìgbà tí mo ń pè é tí kò dáhùn, mo ṣe bí ìgbéraga ni." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá máa jókòó síwájú rẹ̀."

 Micheline sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.