Ìjọba Tí Ìdajì Rẹ̀ Kò Lè Dé Jẹ́dà

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ mínísítà. Kì í ṣe ní Àbújá o. Ní Jẹ́dà ni, nílẹ̀ Lárúbáwá, nínú pálọ̀ dókítà kan tí a yàn ṣe alága, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé lọ ṣèjọba. Ètò ìròyìn ni wọ́n fún mi, nítorí pé olùkọ́ yunifásítì ni mí, wọ́n sì gbà pé olùkọ́ á mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Orí mi wú débi pé mo ní kí ìyàwó mi máa pe oyè náà nílé. Ó wò mí títí, ó ní, "Mínísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ da ìdọ̀tí nù."

Apá méjì ni àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀. Àwa ará Jẹ́dà jẹ́ dókítà, ẹnjiníà àti olùkọ́. Ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, wà lápò wa. Àwọn ará Mẹ́kà, tí púpọ̀ wọn ń gbé ní àdúgbò Misfalah, bá hájì wá nígbà kan, wọn kò sì padà mọ́. Wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn Àlàájì tó bá dé, wọ́n sì ń yẹra fún ọlọ́pàá. Ọdọọdún ni a ń jà lórí apá tí yóò ṣáájú níbi ọdún ìtúnu ààwẹ̀, títí àwọn àgbà fi ní kí a dá ìjọba àjùmọ̀ṣe sílẹ̀. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọn kò rántí pé àgbájọ ọwọ́ náà la fi ń kan ẹ̀ṣẹ́.

Kò sẹ́ni tí kò gbapò. A ní mínísítà iṣẹ́ òde tí kò ní títì kankan láti tún ṣe. Mínísítà ọ̀rọ̀ omi ló ń pín omi Sámúsámù. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ ará Mẹ́kà tí kò ní pásípọ́ọ̀tù, tí kò lè dé ìparí àdúgbò rẹ̀ láìwẹ̀yìn wò. Ṣùgbọ́n igbákejì alága ló ju gbogbo wa lọ. Télọ̀ ni ní Misfalah. Ó ní òun kò ní jókòó àfi tí a bá ń pe òun ní Ọlọ́lá Jùlọ, ó sì rán agbádá kan fún ipò náà tó le gan-an bíi páálí.

Ibo la ó ti máa ṣèpàdé? Àyẹ̀wò ìwé wà lójú ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì, ìdajì ìjọba kò sì lè kọjá níbẹ̀. Àwa tí a lè kọjá ń sọ pé kò síbi tí èèyàn lè gbé mọ́tò sí ní Mẹ́kà. Bí ìjọba wa ṣe di ti fídíò orí fóònù nìyẹn. Iwájú orí ara wa la máa ń rí jù, àwọn ọmọ wa á sì máa fi Lárúbáwá béèrè lẹ́yìn pé ta ni àwọn tó ń pariwo yìí.

Àsìkò yẹn ni rọpárọsẹ̀ kọlu Àlàájà àgbà kan ní Misfalah, ẹni tó ti se oúnjẹ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn mìíràn ń gbàdúrà kí ikú bá wọn ní Mẹ́kà. Òun ní rárá. "Ẹ gbé mi lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin mi ni mo fẹ́ kú sí." Kò níwèé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní ni kó fara rẹ̀ hàn ní tàríhílì, ibi tí wọ́n ti ń gba àmì ìka ọwọ́ ẹni tí kò níwèé kí wọ́n tó dá a padà sílé. Ẹni tó níwèé lè gbé e dé ẹnu géètì, kò lè bá a wọlé. Ẹni tí kò lè dá jókòó, ta ni yóò máa gbé e dìde nínú ibẹ̀ àti nínú ọkọ̀ òfuurufú?

Ìjọba jókòó. Mínísítà ìlera ní ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ni. Mínísítà ilẹ̀ òkèèrè ní Àlàájà kò tíì kúrò níbí, nítorí náà kò tíì di ọ̀rọ̀ òkèèrè. Alága gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Èmi kọ ìkéde kan pé ìjọba ń sa gbogbo ipá rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ni ìjà bá dé lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣáájú nínú ìkéde náà.

Igbákejì já lu ọ̀rọ̀ wa. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Màá sọ pé ọmọ rẹ̀ ni mí. Màá bá a wọlé."

Alága ní, "Ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti gba ìka yín, ó parí nìyẹn? Ẹ ò ní lè padà wá ṣiṣẹ́ mọ́."

"Dókítà, mo ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dé ìlú yìí. Ẹ sáà gbé mọ́tò wá."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti alága lọ gbé wọn ní Misfalah. Igbákejì wọ jàlàbíà lásán, ó pọn Àlàájà sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nínú mọ́tò, ìyá náà ní, "Ta ló gbé mi yìí?"

"Ọmọ yín ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí ẹ bọ́ ní Mẹ́kà."

Nígbà tí a dé tàríhílì, wọ́n wọlé, géètì padé. Alága, tó ti bá ọkùnrin yìí jà láti ọdún mélòó kan, dúró sínú oòrùn, ó ń nu ojú. Ó ní òógùn ni.

Kí ọkọ̀ wọn tó gbéra ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí àga tó ṣófo. Mẹ́kà ní tàwọn ni. Jẹ́dà ní ẹni tó bá fi ìlú sílẹ̀ ti fi ipò sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn mínísítà ń jáde nínú gúrúùpù orí fóònù, títí mo fi kọ ìkéde ìkẹyìn pé ara ìjọba le koko. Èmi àti mínísítà ọ̀rọ̀ omi nìkan ló kù tó kà á.

Àlàájà dé Ìsẹ́yìn láàyè. Òjò ọdún yẹn rọ̀ lójú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì pa ojú rẹ̀ dé. Àwọn kan níbí ń sọ pé ó ti sú igbákejì náà tẹ́lẹ̀ ni, pé ọ̀nà ẹ̀yẹ láti lọ sílé ló ń wá. Bóyá òótọ́ ni. Ó ní ìyàwó kan nílé tí kò rí láti ìgbà tí ọmọ wọn ti wà lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni nǹkan ti sú, a ò pọn ẹnikẹ́ni.

Jẹ́dà náà ni mo ṣì wà. A ṣì ń ṣọdún pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń tẹ́ ẹní. Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi tó kọjá, mo yà kí igbákejì náà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Bó ṣe ń wọn èjìká mi ló ń béèrè àlàáfíà àwọn mínísítà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè wọn, kò sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá ó ń fi wá ṣẹ̀sín ni. Mo kàn ń dá a lóhùn pé wọ́n wà dáadáa, gbogbo wọn ń kí i.