Ohùn Tó Wọ Inú Eré Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde nílé wa ní Ìkirè, kò dágbére fún bàbá wa, ó sì gba Abíjáàn lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko kọjá, a ò gbúròó rẹ̀. Bàbá mi ti fọkàn sí i pé òun ni yóò gba oko kòkó lọ́wọ́ àwọn. Ìbínú yẹn ni wọ́n fi pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Màmá mi ò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dín dòdò tí wọ́n ń tà, tí ọkọ̀ kan dúró létí títì, wọ́n á gbójú sókè wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀ láyé: ṣé ọmọ wọn ṣì wà láàyè?

Èmi ò ní irú sùúrù wọn. Inú ń bí mi sí bàbá mi, inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, inú tiẹ̀ ń bí mi sí àwọn ọkọ̀ tó ń dúró yẹn. Bóyá ohun tó gbé mi dé ẹgbẹ́ eré nìyẹn, torí níbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ kí n pariwo.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Àwa mẹ́fà la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí à ń pè ní ọ̀gá, ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, rédíò ló ń tún ṣe nítòsí ọjà. Òun ló ní ká ṣe eré kan, ká gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, ká gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, bóyá wọ́n á gbé e sáfẹ́fẹ́. Eré náà dá lórí òkú obìnrin kan tó ń gbé inú ilé tíátà àtijọ́, tó ń fọwọ́ kan àwọn òṣèré léjìká, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wá. Èmi ni òkú.

Ọ̀gá ní kó lè dún bí òótọ́, inú ilé tíátà àtijọ́ gan-an la ó ti ṣe é. Ọ̀kan wà ní Àpòmù, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ti máa ń ṣeré tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún ti ń fi sinimá Íńdíà hàn kó tó di pé wọ́n tì í pa. Páànù rẹ̀ ti ṣí lápá kan, àdán kún òkè rẹ̀, àgbàdo ni ẹni tó ni ín ń sá sórí pèpéle. A bẹ̀ ẹ́, ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa lọ́sàn-án Sátidé kan.

Kásẹ́ẹ̀tì tuntun wọ́n, nítorí náà kálukú ní láti mú èyí tí kò wúlò mọ́ wá láti ilé. Nílé tiwa, kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ló pọ̀ jù. Bàbá mi máa ń gbà wọ́n sílẹ̀ nígbà ààwẹ̀, wọ́n á fi Lárúbáwá kọ orúkọ áfáà tó ṣe wáàsí sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kó wọn sínú páálí kan lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí wọ́n lọ oko, mo tú páálí náà. Mo rí ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Mo ní òfìfo nìyí. Mi ò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Nínú páálí bàbá mi, kí ni èyí tí kò ní orúkọ ìbá tún jẹ́?

A ṣeré lọ́jọ́ náà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọ̀gá ní ọ̀nà tirẹ̀: kí ìran kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì sáré síwájú díẹ̀, kó tó tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ohùn, kí ìran kan má baà jẹ ìparí èkejì. Nígbà tí a ṣe tán, a jókòó yí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ọ̀gá ká, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, a wá ń retí eré wa.

Ohùn ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ jáde. "Bàbá mi, èmi ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Eré wa wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú wa, kò sì sí i nínú ohun tí a kọ sílẹ̀. A wojú ara wa. Ìran kìíní parí, ohùn náà tún dé: "... ti bímọ, obìnrin ni. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni ..." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín mi ti gé e, ẹ̀rín òkú tó gùn, tí mo ti fi ń yangàn láti àárọ̀.

Àwọn méjì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, tó ń tú rédíò palẹ̀ lójoojúmọ́, ní, "Ẹ jẹ́ á jáde ńbí jọ̀ọ́. Ilé yìí ní onílé."

Èmi ò lè dìde. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni.

Orí mi dàrú. Ibi tí a ti ń ṣe òkú láti ọ̀sán ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé ó ti kú nìyẹn? Bó bá ti kú, ta ló wá bímọ? Kí ló dé tó jẹ́ bàbá tó lé orúkọ rẹ̀ jáde nílé ló ń pè? Nínú ọkọ̀ láti Àpòmù sí Ìkirè, mo ń yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, kò bára mu. Ọkàn kan ní kí n sáré sọ fún màmá mi. Ọkàn kejì ní tí mo bá sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ, mo ti sọ fún wọn pé ọmọ wọn kú nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kanra mọ́ wọn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n ní ṣé ibà ló ń ṣe mí ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ bá bàbá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ tí ojú wọn fi bọ́ sí ọwọ́ mi.

"Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Nínú páálí yín ni. A fi ṣeré."

"Ẹ fi ṣe kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n padà jókòó sórí ẹní ìrun. Wọ́n ní obìnrin oníṣòwò kan tó ń ná ọjà Abíjáàn ló mú un wá fún àwọn lọ́dún méjì sẹ́yìn, pé ọmọ àwọn ló sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Inú ṣì ń bí àwọn nígbà náà. Àwọn fi í sísàlẹ̀ páálí, pé bí inú àwọn bá rọ̀, àwọn á gbọ́ ọ.

"Ẹ ò wá tíì gbọ́ ọ?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ."

Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Ọdún méjì ni màmá mi fi ń wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ohun tí wọ́n ń wá sì wà lábẹ́ ibùsùn tí wọ́n ń sùn lé. Bàbá mi ló fi í pamọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi eré pa á rẹ́, àfi ibi tí ọ̀gá ti ń jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì sáré kọjá. Mo fẹ́ pariwo mọ́ wọn, mo sì fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Bàbá mi pe màmá mi wọlé, wọ́n sì fẹnu ara wọn jẹ́wọ́. Màmá mi ò wò wọ́n. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ni, ó ní ṣé wọ́n ń gbọ́ òun. Ó ní wọ́n ti bímọ, obìnrin ni, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni, ẹ̀rín mi sì bo orúkọ náà. Màmá mi ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Kí ló tiẹ̀ ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín gan-an?"

Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Oníṣòwò náà á padà sí Abíjáàn lọ́jọ́ Ajé. Bàbá mi ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n ní kí n wá bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n húkọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé wọ́n á bú u, mo rò pé wọ́n á ṣàdúrà fún un, mi ò mọ èyí tí mo ń retí. Ó yí títí ojú kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo nawọ́ láti pa á, màmá mi gbá ọwọ́ mi mú.

Bàbá mi wá tẹ̀ síwájú, wọ́n fẹnu sún mọ́ rédíò náà.

"Kí lẹ sọ ọmọ náà?"