Ọjọ́ Tí Àǹtí Jọkẹ́ Jáde Sórí Yìnyín

Òórùn ìbọ̀wọ́ tó tutù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ wa, gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ amúlégbóná lábẹ́ fèrèsé, ó ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rùn bí ajá tí òjò pa. Àǹtí Jọkẹ́ ló tò wọ́n síbẹ̀. Ó ti jí ṣáájú gbogbo wa, ó ti po kọ́sítáàdì fún Kẹ́mi, àbúrò mi, nínú ife òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí, ó sì ti gbé e sórí ẹsẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Òkè kan tí yìnyín bò funfun wà níwájú wọn, ó sún mọ́ wa débi pé a ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tó ń yọ̀ bọ̀ láti orí rẹ̀. Àǹtí Jọkẹ́ kì í ṣẹ́jú tó bá ń wò ó.

Marietta, ní Amẹ́ríkà, là ń gbé nígbà yẹn. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Dádì sì jẹ́ ọ̀gá fáwọn tó ń to ẹrù ní warehouse kan ní McDonough. Traffic ló ń jẹ ìdajì ayé rẹ̀. Tí a bá ní ká lọ síbi kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "A ò wá sí Amẹ́ríkà wá ṣeré." Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Uncle Fẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, máa ń kó ìdílé tirẹ̀ lọ ṣe ski, eré fífi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, lórí àwọn òkè North Carolina, ó sì máa ń fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo èèyàn. Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Dádì kéde lójijì pé àwa náà á bá wọn lọ. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ọmọ àbúrò bàbá Dádì ni Àǹtí Jọkẹ́. Tíṣà ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkìrun kí Dádì tó ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá wa gbé, kó wá máa tọ́jú ọmọ, tó bá pé ọdún kan òun á fi í sí iléèwé nọ́ọ̀sì. Ọdún kẹrin rèé. Ó ní ìwé ńlá kan nípa ẹ̀yà ara èèyàn tó ń tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nírọ̀lẹ́, tó bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, á mú un jáde, á ní, "Àdùkẹ́, báwo làwọn ará ibí ṣe ń pe èyí?" Èmi á pè é bí wọ́n ṣe ń pè é níléèwé wa, òun náà á tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Òun ló ń di irun mi. Òun ló ń dúró dè mí níbi tí bọ́ọ̀sì iléèwé ti ń já wa sílẹ̀. Nígbà tí mo ní ibà tí Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, àyà rẹ̀ ni mo sùn lé. Tolú làwọn yòókù ń pè mí; kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àdùkẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Pákó ni wọ́n fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà. Tọkọtaya arúgbó kan àtàwọn ọmọ wọn ló ni ín. Ìyá arúgbó náà fúnra rẹ̀ ló ń dín ẹyin fún wa láàárọ̀, ó sì mọ orúkọ gbogbo ọmọdé tó wà níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Apá kan òkè náà wà fáwọn tó ń ṣe ski. Apá kejì wà fáwọn tó kàn fẹ́ jókòó sínú rọ́bà ńlá tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, bíi tíúùbù mọ́tò, kí wọ́n sì yọ̀ wálẹ̀. Bẹ́líìtì kan tó ń rìn fúnra rẹ̀ ló ń gbé èèyàn gòkè. Káàdì pélébé ni wọ́n fi ń wọlé, a sì so ó mọ́ síìpù kóòtù wa. Mọ́mì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, ó bọ́ káàdì tirẹ̀ sórí tábìlì. Àǹtí Jọkẹ́ kò ní káàdì.

Lọ́jọ́ kejì ó bi Mọ́mì pé, "Mọ́mì Tolú, ṣé kí n sáré lọ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

"Jọkẹ́, please," ni Mọ́mì wí láìgbójú sókè. "Ta ló máa mú Kẹ́mi? Tó bá di ọ̀la."

Lọ́jọ́ kẹta ó tún bi í, wọ́n tún sọ pé ọ̀la. Ọjọ́ kẹrin la máa padà sí Marietta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin náà, Kẹ́mi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, oorun gbé àwọn méjèèjì lọ. Dádì àti Uncle Fẹ́mi wà nísàlẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Àǹtí Jọkẹ́ fà mí lọ́wọ́ jáde sí kọ́rídọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé. Ó ti mú káàdì Mọ́mì lọ́wọ́.

"Àdùkẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń gba rọ́bà, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbà gòkè. Ṣáájú mi, kí o dúró dè mí nídìí bẹ́líìtì yẹn. Ṣé wàá dúró?"

"Màá dúró, mà."

Mo dúró lóòótọ́. Mo gba rọ́bà méjì, mo dì wọ́n mú. Ibẹ̀ ni mo wà tí Simi, ọmọ Uncle Fẹ́mi, fi bá mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Kóòtù rẹ̀ àti ṣòkòtò rẹ̀ jọ ara wọn, irun rẹ̀ balẹ̀ dé èjìká, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń dà bí ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré létí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ti ń tẹ̀ lé e kiri tí kò kà mí sí. Ó wo rọ́bà kejì, ó ní kí n bá òun gòkè.

Nígbà yẹn ni mo rí Àǹtí Jọkẹ́ tó ń bọ̀. Ó wọ kóòtù Dádì tó ti gbó, apá rẹ̀ gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìró rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá we bàtà rẹ̀ méjèèjì kí omi má bàa wọ̀ ọ́, ó sì so ó ní kókósẹ̀. Ó rí mi lókèèrè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Àdùkẹ́! Àdùkẹ́ mi! Mo ti dé o!"

Àwọn òyìnbó tó wà lórí ìlà yíjú. Simi bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí lédè òyìnbó pé ta nìyẹn, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni, ṣé èmi ló sì ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń pè. Mo tari rọ́bà kan sí Simi, mo mú ọ̀kan, a gun orí bẹ́líìtì. Àǹtí Jọkẹ́ ń pè mí lẹ́yìn. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ń fi gbogbo ara gbọ́ ọ, mo sì ń bá Simi sọ̀rọ̀ kíkan kíkan nípa nǹkan tí mi ò rántí mọ́.

Àǹtí Jọkẹ́ rò pé mi ò gbọ́ ni. Kò mọ̀ pé orí bẹ́líìtì lèèyàn ń dúró sí, torí náà ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí yìnyín ti le bí gíláàsì, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn mi. Ọ̀rá wà ní bàtà rẹ̀. A ti dé òkè nígbà tí mo gbọ́ igbe. Ó ti yọ̀, ó sì ti fi gbogbo ara ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti tẹ́ ẹ sórí pákó kan, wọ́n ń fà á lọ.

Wọ́n gbé e jókòó sí pálọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ aláìsàn. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́. Ìyá arúgbó da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Dádì dúró lé e lórí, Uncle Fẹ́mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ìtìjú sì ti sọ Dádì di ẹlòmíì.

"Ta ló ní kó o jáde? Jọkẹ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ọwọ́ rẹ̀. Dádì yíjú sí mi. "Tolú, ìwọ wà níta. Ṣé ìwọ lo pè é?"

Mo ní, "Rárá, sà. Mi ò mọ nǹkan kan."

Àǹtí Jọkẹ́ wò mí. Ojú rẹ̀ kò pẹ́ lára mi. Ó yíjú sí Dádì, ó ní, "Èmi ni mo kàn jáde, Bọ̀dá. Ẹ má bínú."

Ọwọ́ náà kò jiná dáadáa. Ìka rẹ̀ kò ká mọ́, kò lè gbé Kẹ́mi, kò sì lè di irun mi. Mo gbọ́ tí Dádì ń sọ fún Mọ́mì ní kíṣìnnì pé kí ló kù tó fẹ́ máa ṣe níbí báyìí. Kí iléèwé wa tó gba ìsinmi ìgbà ooru, wọ́n ti dá a padà sí Ìkìrun. Ó fi ìwé ńlá yẹn sílẹ̀ fún mi. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ó fi ọwọ́ òsì gbá mi mọ́ra, ó ní kí n máa kàwé mi. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ká ní ó bi mí ni.

Ó ṣì wà láyé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́sìnnì nílé, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé lójú pátákó. Gbogbo ọjọ́ ìbí mi ló ń fi ohùn gbàdúrà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó sì gùn. Mi ò gbọ́ ọ̀kankan parí rí. "Ẹ ṣé, mà," ni mo máa ń kọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí báyìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ Sunday kan lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Dádì wà nílé mi, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òtútù bá dé. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn Àǹtí Jọkẹ́.

"Olóríkunkun ni!" ni Dádì wí. "Ẹ̀yin ẹ wò ó, ó so ọ̀rá mọ́ bàtà, ó ń gun òkè yìnyín bí ewúrẹ́!" Ó dìde, ó fi bó ṣe ń tàkìtì hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹnì kan.

Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní, "Grandpa, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó bá a lọ?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀?" ni Dádì wí. "Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tolú, ìwọ náà wà níbẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀, sà."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó kọ́kọ́ pa irọ́ náà, ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló ń bà á. Dádì ti darúgbó báyìí. Inú ilé mi ló wà, oúnjẹ mi ló ń jẹ, èmi ni mò ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò sẹ́ni kan nídìí tábìlì yẹn tí mò ń bẹ̀rù. Mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.