Ọkùnrin Tó Ń Rìn Lábẹ́ Omi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga tó àjà tí Ìye, ìyá mi, fi ń yan púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, mo ti mọ ìtàn ọkùnrin tó ń rìn lábẹ́ omi. Kò sí ọmọ kan ní abúlé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ ọkùnrin náà, ẹ má sì bi mí ní orúkọ abúlé wa. Kò jìnnà sí Erinje, ẹ jẹ́ kí ó mọ síbẹ̀. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ṣì wà, wọ́n lówó, wọ́n sì lẹ́nu láwùjọ. Èmi obìnrin tí mo ń gbé ní Òkìtìpupa pẹ̀lú ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kan ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀rù wọn ń bà mí láti kékeré. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ti wá ju ẹ̀rù náà lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà fún wa nìyí. Láyé ogun, àwọn ọ̀tá pàgọ́ sí òdìkejì odò wa. Ọkùnrin yìí gbé òkúta ńlá lé orí kí omi má baà gbé e léfòó, ó fi ìkòkò tábà sẹ́nu, ó sì wọ inú odò lọ. Ó rìn nísàlẹ̀ omi bí ẹni tó ń rìn lọ sóko. Nígbà tó máa yọ lódìkejì, èéfín ṣì ń rú nínú ìkòkò tábà rẹ̀. Àwọn ọ̀tá rí i, wọ́n ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ ọmọ alágbára náà ló máa ń sọ ọ́. Ọ̀sán ló máa ń wá, nígbà tí àwọn obìnrin bá ń mọ ẹ̀gẹ́ ní róbótó-róbótó, tí wọ́n ń tò ó sórí àjà lókè iná. Ó mọ̀ pé àwa ọmọdé ni yóò máa koná. Bó bá dé ibi tí alágbára náà ti fẹsẹ̀ kan omi, á dákẹ́, á máa wo ojú wa. Àwa á pariwo pé, “Ó wọlé!” Á tún dákẹ́. “Ó ń rìn!” Nígbà náà ni gbogbo wa á fò sókè, èéfín á máa ta wá lójú, “Ó jáde, tábà rẹ̀ kò kú!” Àwọn ìyá wa pàápàá á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ọwọ́ tó kún fún ẹ̀gẹ́ pàtẹ́wọ́. N kò lè purọ́, ó dùn. Mo ti gbọ́ ìwàásù tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Ọmọ ọdún méjìlá ni, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwa méjì péré ni Ìye wa bí tó yè. Ní ọdún kan, ọmọ àbúrò bàbá wa wá láti Èkó, ó mú ìwé alàwòrán kan dání. Ọkùnrin òyìnbó kan wà nínú rẹ̀ tó so aṣọ mọ́ ọrùn, tó ń fò lókè ilé. Wọ́n yìnbọn fún un, ọta ń já bọ́ láyà rẹ̀ bí ẹ̀kúrọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè ka òyìnbó tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo àwòrán náà títí ìwé fi ya. Lọ́jọ́ kan ó wí fún mi pé, “Ìwọ, ẹni tó ń fò yìí àti bàbá tiwa tó ń rìn lábẹ́ omi, ẹbí ni wọ́n. Aṣọ ọrùn ló kù tí bàbá tiwa kò ní.” Mo gbà á gbọ́. Kí ni ẹ̀gbọ́n mi wí rí tí n kò gbà gbọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe púpurú nígbà náà. Bí a bá ti bó ẹ̀gẹ́ tán, a óò dì í sínú àpò, a óò gbé e lọ sódò. Olúkúlùkù ilé ló ní ibi tirẹ̀ nínú omi, níbi tí wọ́n ti gún èèkàn mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì so àpò mọ́ ọn kí odò má baà gbé e lọ. Ẹ̀gẹ́ á wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin títí tí yóò fi rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wo odò wa láti òkè, omi nìkan ni ẹ óò rí. Nísàlẹ̀, igbó èèkàn ni, èyí tó ti jẹrà, èyí tó ṣì mú ṣánṣán, àti okùn tó lọ́ mọ́ra wọn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Ìye ní kí a lọ wo ẹ̀gẹ́ wa bóyá ó ti rọ̀. Bí a ṣe dé etí odò, ẹ̀gbọ́n mi yọ ìró Ìye kan láti inú agbọ̀n, ó so ó mọ́ ọrùn. Ó ti gbé òkúta méjì pamọ́ sí abẹ́ igi ọ̀pẹ láti ọjọ́ tó ṣáájú, ńlá fún òun, kékeré fún mi.

Mo ní, “Ìye ní kí a wo ẹ̀gẹ́ kí a sì máa bọ̀.”

“Ẹ̀gẹ́ ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ ni? Ìwọ ni o máa jẹ́rìí pé mo kọjá. Bí o kò bá tẹ̀lé mi, n óò sọ fún wọn nílé pé etí omi lo ti tọ̀ sára.”

Mo gbé òkúta mi. Omi dé ìbàdí mi, ó dé àyà. Ẹ̀gbọ́n mi bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó wọlé!” Ni orí rẹ̀ bá wọ omi. Mo wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e. Mo lajú sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí omi ẹ̀kọ. Mo rí ìró Ìye tó ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rìn lóòótọ́, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lẹ́yìn náà, àyà mi fẹ́ bẹ́, mo ju òkúta sílẹ̀, mo ta sókè. Mo dúró kí ẹ̀gbọ́n mi náà yọ. Omi dákẹ́. Etí ìró náà nìkan ni mo rí tó léfòó, ó dúró sójú kan, odò ń fà á, kò lọ.

Ó ti kọ́ èèkàn ẹlòmíràn. Mo wẹ̀ dé ibẹ̀, mo fà á, kò tú. Mo jáde, mo sáré, mo ń ké lọ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń fún epo. Wọ́n sá tẹ̀lé mi, epo ń kán lọ́wọ́ wọn sójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi àdá gé aṣọ náà, ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí jù. Ikú yẹn nìkan kọ́ ni. Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, àgbàlá wa kún, bàbá onítàn náà sì wá kí wa. Ó jókòó, ó mi orí títí, ó ní, “Baba wa ti gba ọmọ náà. Ó ti mú un dé àárín odò. Obìnrin tó wọ omi tẹ̀lé e ló ba iṣẹ́ jẹ́.” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo wà lẹ́bàá Ìye mi, mo dúró kí ó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ni Ìye ń wò. Bàbá mi gbé obì fún bàbá náà. Ẹ gbọ́ mi o, ó gbé obì fún un!

Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí n rẹ ẹ̀gẹ́ sódò mọ́. Bí mo bá rìn lẹ́yìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Kọjá síwájú jàre, má tẹ̀lé mi, n kò tíì fẹ́ kú!” Bí àrùn bá mú ọmọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á bèèrè ibi tí mo wà. Nígbà tó ṣe, bàbá mi mú mi wá sọ́dọ̀ tíṣà kan ní Òkìtìpupa níbí, kí n máa bá ìyàwó rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí n sì máa lọ sílé ìwé. Ìwé mi kò jìnnà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo lọ́kọ, mo bímọ, n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà tí wọ́n wá ṣe afárá sí odò náà. Mo lọ wo Ìye mi tí ara rẹ̀ kò yá, gbogbo abúlé sì ti jáde wá wo katapílà. Ni ẹ̀rọ náà bá wọ́ igi ńlá kan jáde láti inú omi, igi tó dùbúlẹ̀ láti etí kan dé etí kejì, ó dúdú bí èédú, kò jẹrà. Ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́.

“Ẹ wo afárá baba wa! Òun náà rèé.”

Mo ní, “Afárá wo, Màmá?”

“Igi tó gbà kọjá lọ bá àwọn ológun nì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kì í kọjá àgbọ̀n lórí igi yìí. Koríko ló gbé lé orí kí wọ́n má baà tètè rí i, ó ń rọra bọ̀. Òkúta kẹ̀! Báwo ni tábà ṣe máa jó bí orí bá wọ omi?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ni kò mọ̀?”

“Èmi kò mọ̀.”

“Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà.”

Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà lọ́jọ́ yẹn. Láti ibi tí igi náà wà dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Àwọn àgbà mọ̀. Nígbà tí à ń pariwo pé “Ó ń rìn” nídìí iná, wọ́n mọ ibi tó ti rìn. Ọkùnrin náà láyà, ẹ má gbọ́ mi lódì. Ẹni tó bá lè dá rìn lórí igi yíyọ̀ nínú omi tó dé àgbọ̀n, tí ìbọn ń dúró dè é lódìkejì, akọni ni. Kí ló wá dé tí èyí kò tó wọn? Kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi sọ ọ́ di ohun tí ọmọ ènìyàn kò lè ṣe, tí wọ́n sì wá ń sọ ọ́ fún ọmọ ènìyàn?

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa ṣe àwòrán tó ń rìn bíi fíìmù nípa ìtàn náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa. Wọ́n ti fún alágbára náà ní apá tó yi bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí mo rí aṣọ náà, mo ju fóònù sílẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn jẹ́ ọmọ ọmọ bàbá onítàn. Mo pè é, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kí wọ́n fi igi náà sí i, kí àwọn ọmọ lè mọ̀.

Ó ní, “Màmá, ta ló fẹ́ wo igi? Ìtàn tó gbé ìlú ga ni à ń sọ.” Ó tún ní, “Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé a kò gbàgbé ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ lódò nígbà náà.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má bínú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti ọjà dé tí mo gbọ́ ariwo ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ àdúgbò yí dírọ́ọ̀mù tí mo fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń ka iye: “Ọgbọ̀n! Ọ̀kanlélọ́gbọ̀n! Má yọrí o, ojo ló ń yọrí!” Ẹsẹ̀ méjì ni mo rí lókè, ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo gbá ẹsẹ̀ náà mú, mo fà á jáde, òkúta ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ náà kò lọ. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, odò, èèkàn, ìró, igi, àti ohun tí bàbá náà wí lọ́jọ́ kẹta. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ ọmọ mi ń di etí mú, ó ń wò mí.

Ó ní, “Màmá àgbà, wọ́n mọ̀ pé igi wà níbẹ̀, wọn kò sì sọ fún yín?”

“Wọn kò sọ.”

“Kí ló wá kàn yín níbẹ̀? Ṣebí àwọn ló fà á.”

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kò sí ẹni tó ń gún èèkàn sí odò mọ́, dírọ́ọ̀mù wà lẹ́yìnkùlé wa, mọ́tò sì ń gba orí afárá kọjá lọ sí Erinje láìbojú wo omi. Alágbára tó wà nídìí iná nígbà náà ti wọ inú fóònù, ó lè tẹ̀lé ọmọ dé orí ibùsùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan, tí omi ṣì ń ro ní irun rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá ẹjọ́ rẹ̀ bó ṣe tọ́. Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, àgbàlagbà kún àgbàlá wa. Gbogbo wọn ló mọ igi náà. Wọ́n pa á mọ́ra, wọ́n jẹ obì bàbá mi, wọ́n sì gba ilé wọn lọ.