Ẹ Má Gé Ohùn Màmá Ará Chile

Nígbà tí mo ń gbé ní Morris Walk, àwọn fúláàtì ìjọba kan ní Woolwich ní London, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o, ilẹ̀kùn Màmá ará Chile ló kọjú sí tèmi. Fún ìgbà pípẹ́, ìkíni lásán ló wà láàárín wa. Ẹ káàárọ̀, Màmá. Òtútù yìí náà kò ní í lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀, torí ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, òwú á lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ohun tí wọ́n ń fi òwú náà ṣe ni n kò mọ̀. Èmi, iṣẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní kíà ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó kan ní Plumstead, tí mo bá sì ti ibẹ̀ dé, oorun ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ wa kúrò lórí ìkíni. Mo wọ sùtánà funfun mi, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà nínú wíáháùsì, ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan, ní Thamesmead West. Aládùúrà ni wá, nínú ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà sí aṣọ ìsìn. Lífìtì ṣí, Màmá ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì búrẹ́dì. Wọ́n wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú wọn sì dúró sórí ẹsẹ̀ mi.

"Ọmọ mi, ta ló gba bàtà rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó gbà á, Màmá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ."

"Nínú òtútù yìí?"

"Nínú òtútù yìí náà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀kùn lífìtì fi gbá wọn léjìká. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ràn ẹni tó bá lórí kunkun."

Nígbà tó yá, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi pé kí n wá wo nǹkan. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ pálọ̀ wọn. Gbogbo ògiri ni wọ́n fi aṣọ bò, aṣọ tó jẹ́ àwòrán. Wọ́n á fi àpò ìyẹ̀fun ṣe ìdí rẹ̀, wọ́n á wá gé àkísà ní wẹ́wẹ́, wọ́n á rán an mọ́ ọn títí yóò fi di òkè, ilé, ajá, èèyàn. Ọ̀kan jẹ́ abúlé tí wọ́n bí wọn sí. Òmíràn jẹ́ àwọn obìnrin tó yí ìkòkò ńlá kan ká ní òpópónà, tí wọ́n jọ ń se oúnjẹ kan ṣoṣo fún gbogbo àdúgbò, lásìkò tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní Chile tí wọ́n sì kó ọkọ wọn lọ. Woolwich náà wà níbẹ̀: ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò, àwọn obìnrin tó wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ láàárọ̀ lọ nu ọ́fíìsì, tí orí wọn fara ti wíńdò. Èyí tó jẹ́ tuntun wà lórí tábìlì. Lífìtì ni, obìnrin dúdú kan sì wà nínú rẹ̀ tó wọ aṣọ funfun. Wọ́n rán ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pariwo. "Èmi rèé!"

"Ìwọ ni. Obìnrin Tó Ń Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì Rẹ̀. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ ilé. Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan wá, ọmọ Colombia tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Plumstead, nítorí èdè Sípáníìṣì ni òun àti Màmá jọ ń sọ; èmi kò gbọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti Màmá fi ń yé ara wa. Tí àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀, ilé á kún. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn wọn. Àbúrò ìyá wọn ló kọ́ wọn ní ìránṣọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n dé London pẹ̀lú ọkọ wọn lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà tú u sílẹ̀ látìmọ́lé. Ọkọ kú, wọ́n sì fi iṣẹ́ nínu ọ́fíìsì tọ́ ara wọn títí wọ́n fi darúgbó. Ohun kan ló máa ń bí wọn nínú: kí èèyàn wo aṣọ wọn kó sọ pé ìyà ló kọ́ wọn níṣẹ́. "Mo ti ń ránṣọ kí àwọn ṣọ́jà yẹn tó dé," ni wọ́n máa ń wí. "Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Wọ́n kàn gbà lọ́wọ́ mi ni."

Nígbà tó di pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo wa kúrò ní Morris Walk, àwọn kan dé tí wọ́n ń gba ohùn àwọn olùgbé sílẹ̀ fún àfihàn kan. Obìnrin tó ṣáájú wọn wọ awò ojú pupa. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Èmi ni mo po tíì lọ́jọ́ tó wá sọ́dọ̀ Màmá. Màmá sọ̀rọ̀ ní Sípáníìṣì láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọ̀rẹ́ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Wọ́n sọ nípa orin tí àbúrò ìyá wọn máa ń kọ kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n tó bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Wọ́n sọ nípa ewúrẹ́ kan, tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, tó jẹ aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá mú ọkọ wọn. Omi bọ́ lójú wọn níbẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n sì padà sórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì yá díẹ̀ nínú àwọn aṣọ náà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn náà, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí ọjà Woolwich, Màmá wọ kóòtù búlúù wọn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé wọn. Èèyàn pọ̀. Wọ́n tan ohùn Màmá látinú ẹ̀rọ.

Ohùn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan la gbọ́, ohùn múlọ́múlọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Sípáníìṣì Màmá wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi rédíò ilé ẹlòmíràn. Àwọn ṣọ́jà dé. Wọ́n mú ọkọ. Ìyàwó sunkún. Ó parí. Kò sí ewúrẹ́, kò sí orin, kò sí àbúrò ìyá, kò sí abẹ́rẹ́. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ti di ohun tí èèyàn lè gbọ́ tán kí tíì ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. Mo yíjú sí àwòrán lífìtì lára ògiri. Wọ́n ti lẹ pépà mọ́ abẹ́ rẹ̀: "Áńgẹ́lì Ìtùnú".

Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Ta nìyẹn tó ń sọ̀rọ̀?"

Obìnrin aláwò pupa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ni. A kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín ni."

"Èmi kọ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi dà?"

"Ó gùn jù, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn ò lè dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Èmi gbé gbogbo rẹ̀," ni Màmá dáhùn. "Ṣé gbígbọ́ ló wá le ju gbígbé lọ?"

Mo rí i pé tí n kò bá sọ̀rọ̀, Màmá nìkan ni wọ́n máa pè ní arúgbó oníjàgídíjàgan. Mo nawọ́ sí ògiri. "Èmi náà ní ìbéèrè. Áńgẹ́lì wo lẹ rí níbí? Èmi nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ."

"A rò pé ẹsẹ̀ lásán yẹn jẹ́ àmì," ni obìnrin náà wí.

"Kì í ṣe àmì. Ẹsẹ̀ mi ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti dé ìdí ògiri, wọ́n sì ń tú aṣọ wọn sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ táì sún mọ́ wọn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀ títí àfihàn á fi parí, pé ilé gbogbo àdúgbò ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Màmá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ilé, wọ́n máa wó o. Agbára mi ò ká ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi rán èyí." Èmi àti ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. A jáde síta nínú ọ̀wààrà òjò, a wọ bọ́ọ̀sì, a kó àwọn aṣọ náà lé itan. Ó yẹ kí inú wa bàjẹ́. Ẹ̀rín la ń rín. Màmá kọ orin àbúrò ìyá wọn sókè nínú bọ́ọ̀sì náà, ọ̀rẹ́ mi sì ń gbè é. Ẹnikẹ́ni tó bá wẹ̀yìn, ojú ni mo fi ń lé e padà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn Màmá sílẹ̀ fúnra wa ní kíṣínì wọn. Fóònù mi la gbé lé orí agolo ṣúgà. Òfin Màmá ni pé Sípáníìṣì làwọn máa sọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn pé ó ti tó. Ọ̀rẹ́ mi ló ń béèrè, èmi ló ń gbé aṣọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí Màmá lè sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn kan ń fi páànù dí ilẹ̀kùn àwọn fúláàtì tó ti ṣófo, òòlù wọn ń ró gbà-gbà-gbà. Mo ní kí a dúró kí wọ́n ṣe tán.

"Jẹ́ kí ó wọlé," ni Màmá wí. "Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa náà ni."

N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo ń wo ọwọ́ wọn. Mo mọ ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́. Mo mọ ìgbà tí ṣọ́jà kanlẹ̀kùn. Nígbà tó kan aṣọ ìkòkò ńlá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tọ́ka sí àwọn obìnrin inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ketekete, kí ẹ̀rọ má bàa gbé e mì. Àwọn òòlù náà ń dún lọ.

A kò tíì parí nígbà tí wọ́n kó wa kúrò. Èmi lọ sí Plumstead, wọ́n fún Màmá ní fúláàtì ní Thamesmead. A ń bá a lọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin aláwò pupa ti wá bá wa, lójijì, láìsí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo padà lọ gbọ́ gbogbo rẹ̀," ló wí. "Ẹnì kan tó gbọ́ Sípáníìṣì bá mi jókòó tì í títí ó fi tán."

Màmá ò yẹ̀ lójú ọ̀nà. "Kí ni orúkọ ewúrẹ́ náà?"

Obìnrin náà dárúkọ rẹ̀. Kò ṣì í. Màmá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

Wọn kò tìtorí ìyẹn dẹwọ́ fún un. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ ni wọ́n sọ fún un: kí gbogbo rẹ̀ wà lódindi, kí Sípáníìṣì ṣáájú, kí orúkọ àwọn aṣọ jẹ́ èyí tí àwọn fún wọn, kí a sì kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sí ìtumọ̀ tó bá ṣe. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìkóhun-ìtàn-pamọ́ tí obìnrin náà ń bá ṣiṣẹ́ gbà. Ó wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú òòlù àti gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi lọ wo orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi fóònù ya á ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Colombia.

Lẹ́yìn náà ni Màmá sọ fún mi pé ó kàn mí láti sọ ìtàn tèmi sínú fóònù. Mo ní kò burú, màá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Èdè wo lo fi ń gbàdúrà?"

"Yorùbá, Màmá."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá nígbà náà."

Mo sọ ọ́. Mo sọ nípa ìyá mi, iṣẹ́ mi, àwọn arúgbó tí mo ti wẹ̀ tí mo sì pa lójú dé nígbà tí wọ́n kú, àwọn ọ̀gá tó fojú di mí. Màmá jókòó síwájú mi, wọ́n ń ránṣọ, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, wọn kò sì dá mi dúró. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìkóhun-ìtàn-pamọ́ náà, ọkùnrin tó gbà á níbẹ̀ béèrè bóyá mo lè kọ ṣókí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní rárá o. Kí wọ́n wá ọmọ Yorùbá kan kó gbọ́ ọ. Wọn ò ní í rìn jìnnà. Kí wọ́n kan ilẹ̀kùn èyíkéyìí ní Plumstead.

Wọ́n sì wá a rí. Nọ́ọ̀sì kan ni, n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn tó gbọ́ ọ tán, ó kọ́kọ́ kí mi dáadáa, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Auntie, ibi tí ẹ ti bú ọ̀gá yín yẹn, ṣé kí n túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn náà?"

"Gbogbo ẹ̀," ni mo wí. "Má ṣe gé nǹkan kan kúrò."